Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Tún Ìkànnì Irinṣẹ́ Ìdánwò Sọ́fítíwíà Ṣe

Bí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Adó-Èkìtì tàbí ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì bá béèrè ọ̀nà tí òun lè gbà dá sí iṣẹ́ sọ́fítíwíà open source, èyí tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti tún ṣe, ìdáhùn tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kí ó lọ tún ìkànnì tàbí ìwé ìlò ọ̀kan nínú wọn ṣe. Ìmọ̀ràn náà dára, nítorí kò sí irinṣẹ́ ìdánwò (èyí tí a fi ń mọ̀ bóyá sọ́fítíwíà ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ) tí ìkànnì rẹ̀ kò ní ibi tí ó kù sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ náà lè sọ ìkànnì tí ó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ di èyí tí ó rẹwà tí kò sì wúlò. Ohun tí ìkànnì irinṣẹ́ ìdánwò wà fún kò pọ̀: kí ẹni tí kò mọ irinṣẹ́ náà lè tẹ̀ lé e títí ìdánwò rẹ̀ àkọ́kọ́ yóò fi ṣiṣẹ́, kí ẹni tí ó sì ti mọ̀ ọ́n tètè rí ohun tí ó wá. Nínú gbígbàgbé èyí ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí mo fẹ́ kìlọ̀ nípa wọn ti ń wá.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹwà. A ó yí àwọ̀ padà, a ó gbé àwòrán ńlá sí òkè, a ó wá kọ ọ́ gàdàgbà pé irinṣẹ́ náà yára, pé ó lágbára, pé ó bá ìgbà mu. Kò sí irinṣẹ́ tí kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀, nítorí náà òǹkàwé kò tíì rí nǹkan kan dì mú. Ẹ wo ohun tí pytest, irinṣẹ́ ìdánwò fún èdè Python, ṣe sí ojú-ewé àkọ́kọ́ ìwé ìlò rẹ̀. Àpẹẹrẹ kúkúrú kan ni ó wà níbẹ̀: fáìlì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ test_sample.py, kóòdù kékeré tí ń jẹ́ inc, tí ó ń fi 1 kún nọ́ńbà, àti ìlà kan tí ó sọ pé assert inc(3) == 5, ìyẹn ni pé inc(3) gbọ́dọ̀ jẹ́ 5. Ọmọ tí ó mọ oókan-eéjì kà mọ̀ pé 3 àti 1 kì í ṣe 5. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ ìdánwò náà kí ó kùnà ni, wọ́n sì fi èsì tí pytest gbé jáde sí abẹ́ rẹ̀, níbi tí a ti rí i kedere pé 4 ni inc(3) mú wá. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, nítorí ẹni tí ó ń wá irinṣẹ́ ìdánwò kò wá wo bí ó ṣe máa ń sọ pé gbogbo nǹkan dára. Ó fẹ́ mọ ohun tí yóò sọ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, bóyá yóò tọ́ka sí ìlà tí ó bàjẹ́ gan-an tàbí yóò kàn da ọ̀rọ̀ jọ sójú ẹni. Bí ẹ bá ń tún irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ ṣe, ẹ má ṣe fi àpẹẹrẹ tí ó yege rọ́pò èyí tí ó kùnà nítorí pé àwọ̀ ewé, tí a fi ń kọ èsì tí ó yege, dùn ún wò ju pupa ti ìkùnà lọ.

Ẹ má sì ṣe fi àṣẹ tí a fi ń gbé irinṣẹ́ sórí ẹ̀rọ pamọ́ sí ojú-ewé kẹta. Ìlà kan péré ni pip install -U pytest. Kò sí ìdí tí ènìyàn fi ní láti tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta kí ó tó rí i.

Àṣìṣe tí ó ń jẹ àkókò àwọn ènìyàn jù, ní tèmi, ni ti ìlànà àtijọ́ tí a fi sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni pé ó ti di àtijọ́. Selenium ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù. Irinṣẹ́ yìí, tí a fi ń darí bùráúsà láti dán ìkànnì wò, tí Jason Huggins bẹ̀rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ThoughtWorks ní Chicago ní ọdún 2004, ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú ẹ̀dà 4.3 fún Python, tí ó jáde ní 2022, wọ́n yọ find_element_by_id, àṣẹ tí a fi ń wá nǹkan lójú-ewé, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kúrò, find_element pẹ̀lú By.ID sì ni a ń lò báyìí. Láti ẹ̀dà 4.6, ní ọdún kan náà, Selenium Manager ni ó ń wá driver bùráúsà, ètò tí Selenium fi ń bá bùráúsà sọ̀rọ̀, fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ rí, olúkúlùkù ni ó ń lọ wá chromedriver tí ó bá Chrome rẹ̀ mu. Ẹ wá wo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ojú-ewé tí a ti kọ ṣáájú àyípadà wọ̀nyí pàdé, tí ó tẹ gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe wà, tí kọ̀ǹpútà sì dá a lóhùn pé AttributeError: 'WebDriver' object has no attribute 'find_element_by_id'. Kò ní rò pé ojú-ewé ni ó ti gbó. Ara rẹ̀ ni yóò dá lẹ́bi, yóò gbà pé Python ni òun kò mọ̀.

Nígbà tí àwọn alátùn-únṣe bá sì rí irú èyí, wọ́n a máa ṣe ohun tí ó burú jù ú lọ: wọ́n á pa ojú-ewé àtijọ́ rẹ́. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí kò tíì kúrò lórí ẹ̀dà àtijọ́ ṣì nílò rẹ̀, línkì tí olùkọ́ kan sì ti kọ sínú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ yóò bọ́ sí 404, àmì pé ojú-ewé náà kò sí mọ́. Ohun tí ó yẹ ni kí a kọ nọ́ńbà ẹ̀dà tí ó wà fún sí òkè ojú-ewé, kí a fi línkì ti ìsinsìnyí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a sì fi àmì canonical jẹ́ kí Google mọ èyí tí ó yẹ kí ó máa gbé síwájú. Bí ó bá di dandan kí àdírẹ́sì yí padà, redirect 301 ni kí ẹ lò, kí ó sì gbé ènìyàn dé ojú-ewé tí ó rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ gan-an, kì í ṣe ojú-ewé àkọ́kọ́. Ẹni tí ó tẹ línkì nípa fixture (ohun tí a ń pèsè sílẹ̀ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀), tí ó wá bá ara rẹ̀ níwájú ẹ kú àbọ̀, kò sàn ju ẹni tí ó bọ́ sí 404 lọ. Ẹni ti 404 tilẹ̀ mọ̀ pé ohun tí òun ń wá kò sí níbẹ̀.

Daniele Procida pín ìwé ìlò sí ọ̀nà mẹ́rin nínú ètò tí ó pè ní Diátaxis: ẹ̀kọ́ fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìtọ́sọ́nà fún ẹni tí ó ní iṣẹ́ pàtó kan láti ṣe, àkójọ gbogbo ohun tí irinṣẹ́ náà ní, àti àlàyé ìdí tí nǹkan fi rí bí ó ṣe rí. Kò pọn dandan kí ìkànnì yín pín sí mẹ́rin, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sínú àkójọ kí ẹ wá pe èyí ní ẹ̀kọ́.

Ní ti ìwúwo ìkànnì, ẹ má ṣe fi íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì yín wọ̀n ọ́n. Òótọ́ ni pé Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì dín owó tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san láti ri okùn íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ kù sí ₦145 fún mítà kan ní 2020, ṣùgbọ́n dátà orí fóònù ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ṣì fi ń ka ìwé ìlò, ẹni tí dátà rẹ̀ sì ti fẹ́ tán kò bẹ fídíò kí ó ṣí fúnra rẹ̀ ní òkè ojú-ewé. Ìwọ̀n tí Google fi lélẹ̀ ni pé kí ohun tí ó tóbi jù lójú-ewé ti hàn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 2.5. Chrome lè dín ìyára íntánẹ́ẹ̀tì kù fún yín kí ẹ fi ojú ara yín rí i.

Èyí tí ó ń bí mi nínú jù níbí ni àwòrán kóòdù. Ẹnìkan yóò kọ kóòdù, yóò ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú òjìji lábẹ́, yóò sì gbé PNG náà sórí ìkànnì. Kò ṣeé kọ́pì, kò ṣeé wá, ẹ̀rọ tí ó ń kàwé fún afọ́jú kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo tí a bá sì fẹ́ tún ṣe, àfi kí a tún àwòrán mìíràn yà. Bákan náà, ẹ má ṣe fi àwọ̀ nìkan ya ìdánwò tí ó yege sọ́tọ̀ sí èyí tí ó kùnà, nítorí àwọn kan wà tí ojú wọn kì í mọ ìyàtọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà sí i, kí ìyàtọ̀ láàárín àwọ̀ rẹ̀ àti ti ẹ̀yìn rẹ̀ sì tó 4.5 sí 1 tí WCAG, ìlànà fún ìkànnì tí gbogbo ènìyàn lè lò, béèrè fún ọ̀rọ̀ kékeré.

Àwọn kan nínú wa fẹ́ gbé irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ wá sí èdè Yorùbá, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ìkànnì Selenium ti ní apá tí a kọ ní èdè Potogí, ti Japan àti ti Ṣáínà. Àṣìṣe ibẹ̀ ni kí a túmọ̀ ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan, kí a yọ̀, kí a sì bá ọ̀nà tiwa lọ. Kò ní pẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì yóò fi tẹ̀ síwájú, tí Yorùbá yóò sì ṣì máa kọ́ ènìyàn ní ohun tí wọ́n ti yọ kúrò. Ojú-ewé kan tí ẹ ó máa tọ́jú sàn ju ogún tí ẹ kò ní padà wò lọ. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, ti ìdánwò àkọ́kọ́ ni màá yàn. Ẹ má ṣe túmọ̀ àṣẹ, orúkọ fáìlì tàbí ọ̀rọ̀ àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ń gbé jáde, nítorí ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rí lójú ẹ̀rọ rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ bá lójú-ewé; àlàyé abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ fi Yorùbá ṣe. Ẹ fi lang="yo", àmì tí ó ń sọ pé Yorùbá ni èdè rẹ̀, sí ojú-ewé náà, kí ẹ sì dán àpótí ìwákiri rẹ̀ wò, nítorí Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, kò fún lẹ́tà ọ́ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: ẹnìkan lè tẹ ọ kí ó fi àmì ohùn òkè lé e, ẹlòmíràn lè tẹ ó kí ó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, ojú kan náà ni wọn yóò ní, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà yóò kà wọ́n sí méjì. Àfi tí a bá sọ méjèèjì di NFC, ìyẹn ọ̀nà ìkọ kan náà tí Unicode yàn, kí a tó wá wọn ni wọn yóò fi bára mu.

Ọmọ Èkìtì tí a kọ́ kì í wọ ilé àgbà kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún àga tò kí ó tó kí onílé, ohun tí pull request (àtúnṣe tí a fi ránṣẹ́ kí wọ́n gbà á wọlé) tí ó yí ọgọ́rùn-ún fáìlì padà lẹ́ẹ̀kan sì ń ṣe nìyẹn. Olùyọ̀ọ̀da ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń tọ́jú irinṣẹ́ wọ̀nyí, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni wọ́n sì ń ka ohun tí a fi ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣí issue, ẹ sọ ìṣòro tí òǹkàwé ní, ẹ dúró gbọ́ èsì, kí ẹ tó fi àtúnṣe kékeré kan ránṣẹ́. Ẹ mọ ibi tí ẹ ń kọ ọ́ sí pẹ̀lú: kóòdù ìkànnì Selenium wà lọ́tọ̀ lórí GitHub, ibi tí wọ́n ń tọ́jú kóòdù sí, Hugo, irinṣẹ́ ìkọ́ ìkànnì, ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìwé ìlò pytest wà nínú fódà doc/en láàárín kóòdù irinṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, reStructuredText ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́, nítorí náà ẹ má ṣe gbé Markdown, ọ̀nà ìkọ mìíràn, lọ síbẹ̀.

Ohun tí ó ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tí ìdánwò jẹ́ iṣẹ́ wọn gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ dán ìkànnì wọn wò. Python ní doctest, pytest sì lè fi --doctest-glob ṣe àpẹẹrẹ inú fáìlì ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣe ìdánwò. Linkcheck inú Sphinx, irinṣẹ́ tí a fi ń sọ ìwé ìlò di ìkànnì, ń tẹ àwọn línkì tí ó jáde síta wò, ó sì ń sọ èyí tí ó ti kú. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́ nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá yí nǹkan padà. Ibi tí wọn kò lè dé ni inú òǹkàwé. Fún èyí, ẹ wá ẹnìkan tí kò lo irinṣẹ́ náà rí, ẹ ṣí ojú-ewé àkọ́kọ́ fún un, ẹ jókòó tì í, ẹ má sì ṣe bá a sọ̀rọ̀, bí ó ti wù kí ó wù yín tó. Ibi tí ó bá ti dúró, tí ó yíjú sí yín láti béèrè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: issue àkọ́kọ́ tí ẹ máa ṣí nìyẹn, kí ẹ tó fọwọ́ kan àwọ̀ kankan.