Ẹ̀dà wẹ́ẹ̀bù tí kò ní àwòrán: ohun tó tún un ṣe

Ẹgbẹ́ kan ní Bódìjà, n'Íbàdàn, ti kógbá wọlé, owó wẹ́ẹ̀bù wọn sì máa tó tán. Ká lè fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́, a lo wget, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kó wẹ́ẹ̀bù sórí kọ̀ǹpútà ẹni. wget --mirror kó gbogbo ojú ewé, àmọ́ kò kó àwòrán kankan. media.example.org (ká pè é bẹ́ẹ̀) làwọn àwòrán wà, wget kì í sì í kúrò lórí àdírẹ́sì tí wọ́n bá fún un. Èyí ló ṣiṣẹ́:

wget --mirror --page-requisites --convert-links --adjust-extension --wait=1 --span-hosts --domains=example.org https://www.example.org/

--span-hosts ló ń jẹ́ kó lè lọ sórí àdírẹ́sì míì; --domains ni kì í jẹ́ kó kọjá example.org. Ẹ má gbàgbé --domains o! Láìsí i, á máa kó wẹ́ẹ̀bù onítibí àti onítọ̀hún, dátà á sì tán.

Ìgbà tó bá kó gbogbo ẹ̀ tán ni --convert-links, tó ń mú kí ìlìǹkì inú ẹ̀dà náà tọ́ka sí ohun tó ti kó sórí kọ̀ǹpútà, ń ṣiṣẹ́. Bí iná bá lọ láàárín, ẹ tún àṣẹ yẹn pa; àwòrán tó ti wọlé kì í sábà tún wọlé.

Ẹ pa dátà kẹ́ẹ tó ṣí index.html (ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ẹ̀dà náà) wò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì lè tàn yín jẹ.