Bí Aṣọ Ìrọ̀lẹ́ Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Dá Ọmọ Mi Padà Lẹ́nu Ọ̀nà Bọ́dìn

Owó ilé-ìwé ni mo múra sílẹ̀ fún. N kò retí pé owó ẹrù yóò jù ú lọ. Síbẹ̀ inú mi dùn, nítorí pé ìyá ìyá mi kàwé ní ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin ní Kúdẹtì, n'Ìbàdàn, kí wọ́n tó da ilé-ìwé náà pọ̀ mọ́ èyí tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1869, tí méjèèjì fi di St Anne's ní 1950. Ó wù mí kí ọmọ mi náà gbé bọ́dìn ní ilé-ìwé ọmọbìnrin tó ti pẹ́. Nígbà tó yege, a mú un lọ sí ọ̀kan nínú wọn, lẹ́yìn odi Ìbàdàn níbi tí a ń gbé.

Ríra fóòmù, àwọ̀n ẹ̀fọn, garawa àti àdá kò gba àlàyé. Aṣọ ìrọ̀lẹ́, èyí tí àwọn ọmọ bọ́dìn ń wọ̀ lẹ́yìn ìkẹ́kọ̀ọ́, ni ojú mi fi rí màbo. Ilé ni wọ́n ń pín àwọn ọmọ sí, ilé kọ̀ọ̀kan sì ní àwọ̀ tirẹ̀. Ìwé ìgbaniwọlé sọ pé kí a rán aṣọ méjì ní àwọ̀ ilé ọmọ, ṣùgbọ́n kò sọ ilé tí wọ́n pín in sí. Mo pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní, "Ẹ ó mọ̀ tí ẹ bá dé."

A dé, a rí orúkọ rẹ̀ lára ògiri: ilé aláwọ̀ ewé ni. Aṣọ aláwọ̀ ewé sì ti tán ní sítọ́ọ̀ ilé-ìwé. Mátíróònù ní, "Ẹ má bínú, mọ́mì, òfin ni, kò lè sùn síbí láìní in." A gbé ẹrù padà, ó di ọjà Gbági n'Ìbàdàn, ó di ọ̀dọ̀ télọ̀. Nígbà tí a tún dé, mátíróònù mú aṣọ náà sínú oòrùn, ó tẹ́ ẹ lé èjìká ọmọ kíláàsì kẹta kan. Èmi náà rí i: tiwọn dúdú bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀, tiwa mọ́ jù. Ó kọ̀ ọ́. Inú bí mi débi pé n kò lè sọ̀rọ̀, nítorí òfin tí wọn kò ṣàlàyé fún òbí ṣáájú ni wọ́n fi ń fi ìyà jẹ ọmọ.

Òbí kan ló ṣàánú wa, ó júwe ìyá kan nínú ọjà ìlú náà, tó ń ta irú aṣọ náà gan-an, lówó gọbọi. Télọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà rán an lójú wa. Mátíróònù yẹ ojú rírán rẹ̀ wò, ó sì ní kí ọmọ máa wọlé. Nígbà tí mo rí orúkọ rẹ̀ lára bẹ́ẹ̀dì, orí mi wú.

Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ lọ, kí ó bèèrè ilé ọmọ ní ọjọ́ tó bá sanwó, kí ó sì gba ìrépé aṣọ náà lọ́wọ́ ọmọ ilé yẹn kí ó tó lọ sọ́jà. Má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé sítọ́ọ̀ wọn.

Ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, mo dìde, mo ní kí wọ́n máa kọ orúkọ ilé ọmọ sínú ìwé ìgbaniwọlé. Ọ̀gá ilé-ìwé gbà. Mo ní kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kọ ọ́ lójú mi.