Bí Ẹ Ṣe Lè Fọwọ́ Sowọ́ Pọ̀ Pẹ̀lú Ilé Ìwòsàn Òkè Òkun Láti Kọ́ Àwọn Apoògùn Yín Ní Ìlò Oògùn Eléwu

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún olórí apoògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba tàbí ti aládàáni, tí ó ń fẹ́ kí ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà tàbí níbòmíràn bá òun kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ òun bí a ṣe ń po oògùn eléwu, bí a ṣe ń fi í pamọ́, àti bí a ṣe ń gbé e dé ọ̀dọ̀ aláìsàn tí kò fi ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kópa nínú irú ètò bẹ́ẹ̀. Ti àkọ́kọ́ kò so èso kankan, kì í sì í ṣe pé àwọn àlejò kò mọṣẹ́. Àwa tí a ránṣẹ́ pè wọ́n gan-an ni a kò tíì mọ ibi tí ó ti ń dùn wá.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni, ẹ fi oṣù kan gbáko wo ilé ara yín. Ẹ gbé ìwé kan sí ilé oògùn, kí ẹni tó bá rí àṣìṣe, tàbí ohun tó kù díẹ̀ kó di àṣìṣe, máa kọ ọ́ síbẹ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti fi ìjìyà mọ́ ọn, ìwé náà yóò wà ní funfun títí oṣù yóò fi parí. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo fíríìjì. Oògùn tó bá nílò òtútù gbọ́dọ̀ wà láàrin 2 °C sí 8 °C. Ní ilé ìwòsàn kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, iná mànàmáná tí ń lọ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wá, àṣé òtútù àpọ̀jù ló ń ba ínsúlíìnì wa jẹ́: a ń to páálí rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn fíríìjì níbi tí yìnyín ti ń hù, ó sì ń dì lóru. Ínsúlíìnì tó bá ti dì rí, bó tilẹ̀ yọ́ padà tí ó mọ́ gaara, dídànù ni. Òṣùwọ̀n kékeré kan tí ń tọ́jú ìwọ̀n tó ga jù àti èyí tó lọ sílẹ̀ jù ló tú àṣírí náà. A kò nílò ọ̀jọ̀gbọ́n kankan láti òkè òkun fún ìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá ti rí àwọn ibi tó ti ń jò, ẹ mú ẹyọ kan péré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìpolongo rẹ̀ lórí lílo oògùn láìsí ìpalára ní ìlú Bonn ní Jámánì lóṣù kẹta ọdún 2017, ó sì ní òun fẹ́ dín ìpalára ńlá tí oògùn ń fà, tó sì ṣeé dènà, kù ní ìdajì láàrin ọdún 5. Iṣẹ́ gbogbo ayé nìyẹn. Ilé ìwòsàn kan kò lè dá a gbé. Ní tèmi, oògùn jẹjẹrẹ ni mo máa ń dá lábàá, nítorí ẹni tó ń pò ó wà nínú ewu bí aláìsàn tí a ń pò ó fún.

Ní ti ẹni tí ẹ óò bá ṣe é, àpẹẹrẹ wà nílẹ̀. Ní ọdún 2019 ni ètò CwPAMS bẹ̀rẹ̀ sí í so àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà lórí ìlò oògùn apakòkòrò. Gánà, Tànsáníà, Ùgáńdà àti Zambia ni wọ́n kọ́kọ́ mú, kí ó tó kan Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ẹ má fojú fo àwọn ọmọ wa tó jẹ́ apoògùn ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston. Wọ́n mọ ohun tí ó túmọ̀ sí pé omi kò yọ ní ẹ̀rọ láàárọ̀, ẹ kò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi wákàtí kan ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ó sì ṣe pàtó. Ta ni yóò san owó ọkọ̀ òfuurufú? Ọjọ́ mélòó ni apoògùn yóò fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ta ni yóò sì dípò rẹ̀? Bí wọ́n bá fẹ́ fi àpótí ìpoògùn tí ń fa atẹ́gùn ta yín lọ́rẹ, ẹ béèrè ẹni tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò àti ibi tí a ó ti rí ajọ̀ rẹ̀ rà nígbà tó bá dí; èyí tó bá ti Amẹ́ríkà wá sábà máa ń lo iná 120 fóòtì, tiwa sì jẹ́ 230. Mo ti rí irú àpótí bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń kó páálí ìwé lé lórí. Bí àlejò yóò bá fọwọ́ kan oògùn aláìsàn, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Ìgbìmọ̀ Apoògùn Nàìjíríà. Ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ àwọn tí ń rìnrìn àjò lọ láìpadà ní gbangba: ní ọdún 2023, Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè 55 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a má máa dọdẹ òṣìṣẹ́ ìlera wọn. Alábàáṣe tó bá ń fi ìwé iṣẹ́ lọ àwọn tí ẹ rán lọ kọ́ṣẹ́ kì í ṣe alábàáṣe.

Ọjọ́ kejì ètò kejì náà ni mo tó gbà pé ó yẹ kí á pè wọ́n. Olùkọ́ kan, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, po àwọ̀ fluorescein díẹ̀ mọ́ omi nínú àwọn ìgò abẹ́rẹ́ olórí rọ́bà, ó sì ní kí olúkúlùkù fi sírínjì fà á jáde, kí ó sì gún un sínú àpò dírípù bí ìgbà tó ń po oògùn jẹjẹrẹ gan-an. Gbogbo wa ṣe é, gbogbo wa sì rò pé a mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tó pa iná yàrá, tó tan iná UV, àwọ̀ náà ń kọ mọ̀nà káàkiri: lórí ìbọ̀wọ́, lórí tábìlì, lára ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀gá wa kan tó ti lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ rí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, níbi tó ti fi ọwọ́ ti awò ojú rẹ̀ sókè. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Atẹ́gùn ló ń fà á. Bí ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn púpọ̀ sínú ìgò, ìgò náà yóò há, oògùn yóò sì tú jáde bí ẹ bá ti ń yọ abẹ́rẹ́. Ẹ fa atẹ́gùn sínú sírínjì kí ó dín díẹ̀ sí oògùn tí ẹ fẹ́ mú, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn díẹ̀díẹ̀, ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn. Ìdánwò yìí kò wọ́n rárá. Ẹ máa ṣe é ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ẹ pe dókítà àti nọ́ọ̀sì sí ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan ni a gbọ́dọ̀ gba fún aláìsàn ní vincristine, oògùn jẹjẹrẹ kan. Bí wọ́n bá ṣèèṣì gún un sí ọ̀pá ẹ̀yìn, ikú ló sábà máa ń yọrí sí. Níbi tí wọ́n bá ti ń gbé e wá nínú sírínjì, tí sírínjì oògùn ọ̀pá ẹ̀yìn sì wà lórí àwo kan náà, ọwọ́ lè ṣì wọ́n mú. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kìlọ̀ ní ọdún 2007 pé inú àpò dírípù kékeré ni kí a máa pò ó sí. Bí dókítà kò bá sí níjokòó nígbà tí ẹ ń fi ẹnu kò lórí èyí, sírínjì ni yóò tún kọ̀wé béèrè fún lọ́jọ́ kejì.

Ohun kan wà tí àwọn àlejò kì í sábà rántí. Ìtọ̀ àti èébì ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oògùn jẹjẹrẹ ṣì ní oògùn nínú, a sì máa ń ṣọ́ ọ fún wákàtí 48. Lọ́dọ̀ tiwa, ìyá tàbí ìyàwó aláìsàn ló ń fọ aṣọ rẹ̀. Ẹ fún wọn ní ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì fi Yorùbá ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Kí àwọn àlejò tó lọ, ẹ yan ẹni méjì, kì í ṣe ẹyọ kan, tí yóò máa kọ́ àwọn yòókù, kí ẹ sì dá ọjọ́ kan tí ẹ óò máa rí ara yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa fi ìròyìn ìpalára oògùn ránṣẹ́ sí NAFDAC, tí yóò gbé e dé ibùdó àgbáyé ní Uppsala ní ilẹ̀ Sweden.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ tún gbé ìwé àṣìṣe jáde fún oṣù kan. Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, àwọn aláṣẹ sì gbaná jẹ, wọ́n ní owó ti ṣòfò. Olùkọ́ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ yẹn ló bá wa dá wọn lóhùn láti òkè òkun: ó ní kí wọ́n ka ohun tí a kọ, kí wọ́n má ṣe ka iye rẹ̀ nìkan. Wọ́n kà á, wọ́n sì rí i pé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni àṣìṣe tí ẹnì kan ti rí mú kí ó tó dé ara aláìsàn.