Nígbà tí gìgísẹ̀ bá ń gbá báàgì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́

Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lé ní 50 kìlómítà. Ta ni yóò máa fi gìgísẹ̀ gbá báàgì bó ṣe ń wa kẹ̀kẹ́ dé ibẹ̀? Mo tú ìkọ́ òkè méjèèjì tí báàgì fi rọ̀ mọ́ kárìà (irin tí a ń gbé ẹrù lé lẹ́yìn kẹ̀kẹ́), mo sún wọn síwájú ní sẹ̀ǹtímítà 4 lára báàgì, báàgì fúnra rẹ̀ sì bọ́ sẹ́yìn. Ìkọ́ ìsàlẹ̀ ni àwọn èèyàn ń gbójú fò. Bí kò bá mú irin kárìà dáadáa, báàgì á máa fì, á sì wọ sípóòkù bí táyà bá kó sí kòtò. Mo fi túùbù àlòkù wé irin náà kí ìkọ́ má baà yọ̀. Irinṣẹ́ nísàlẹ̀, aṣọ nínú ọ̀rá lókè, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wúwo bákan náà. Ìrìn òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́? Báàgì kékeré abẹ́ ìjókòó ti tó.