Mo fi abẹ la òdòdó ilá àti hibiscus wò ní Kétu

Òdòdó ilá kì í pẹ́ rọ. Àárọ̀ ló ń tanná, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti ká kò. Ìdí nìyẹn tí mo fi tètè wọ ẹ̀yìnkùlé kí oòrùn tó mú, pẹ̀lú abẹ tuntun, pépà funfun àti fóònù tí kámẹ́rà rẹ̀ ń fa nǹkan súnmọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ nípa òdòdó ni mo fẹ́ fojú ara mi rí: pé ewé rẹ̀ tó ń dán àti ako rẹ̀ tó ń gbé lẹ́búlẹ́bú, ohun kan náà ni wọ́n níbẹ̀rẹ̀, àṣẹ tí jíìnì, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara ẹ̀dá, pa fún wọn ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Mo tú u láti ìta wọnú. Àwọn ewé tẹ́ẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ yí ìdí rẹ̀ ká. Lẹ́yìn wọn ni ewé àbò tó bo ìrudi. Ti ilá máa ń ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Lẹ́yìn náà ni ewé aláràbarà márùn-ún tó pọ́n bí ìyeyè, tí ìsàlẹ̀ wọn sì pupa rẹ́súrẹ́sú. Bí mo ṣe fa ọ̀kan, òpó àárín fẹ́ bá a wá, torí ìdí wọn lẹ̀ mọ́ra. Òpó yẹn ni ako: gbogbo ara rẹ̀ ló kún fún orí kéékèèké tó ní lẹ́búlẹ́bú. Mo là á lóròó, mo rí i pé inú rẹ̀ ṣófo, okùn funfun kan sì gba inú rẹ̀ kọjá lọ sókè. Ìsàlẹ̀ okùn yẹn ni ilé ọmọ wà, hóró funfun wínníwínní tò sínú rẹ̀. Okùn náà àti ilé ọmọ yìí ni abo. Ilé ọmọ yẹn ni ilá tí à ń sè, kó tó dàgbà.

Ní 1991, onímọ̀ ewéko méjì, Enrico Coen ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Elliot Meyerowitz ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé bí ipele mẹ́rin òdòdó, ewé àbò, ewé aláràbarà, ako àti abo, ṣe ń wáyé. Wọ́n pín àwọn jíìnì tó ń pàṣẹ sí ẹgbẹ́ mẹ́ta, A, B àti C. Ibi tí A nìkan bá ti ń ṣiṣẹ́ á di ewé àbò. A pẹ̀lú B, ewé aláràbarà. B pẹ̀lú C, ako. C nìkan, abo. A àti C kì í gbé ojú kan náà. Bí C bá kú, A á gba àárín. Ewéko kékeré tí wọ́n ń pè ní Arabidopsis ni wọ́n ti rí i kedere: èyí tí jíìnì AGAMOUS rẹ̀ bàjẹ́ kì í ní ako, kì í ní abo, ewé lórí ewé ni títí dé àárín. Bí ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ á padà di ohun tó jọ ewé lásán. Goethe, akéwì ará Jámánì, ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti 1790! Ní 2001 ni àwọn onímọ̀ wá fi jíìnì sọ ewé lásán di ewé òdòdó.

Àmọ́ ilá ò lè fi èyí hàn mí, torí ohun gbogbo wà níbi tó yẹ lára rẹ̀. Hibiscus aláwẹ́ púpọ̀, èyí tí ako rẹ̀ ti ń di ewé òdòdó, ni mo nílò, ọgbà màmá kan lọ́nà Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu ní Benin, sì kún fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá, mo fẹ́ já díẹ̀ nínú òdòdó yín."

"Já a, ọmọ mi. Ṣé ẹ fẹ́ fi ṣe oògùn ni?"

"Rárá o, mo fẹ́ là á wò ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní àwọn ò tíì rí ẹni tó ń la òdòdó.

Mo ń já awẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń tò ó sórí pépà. Àwọn ti ìta fẹ̀, wọ́n mọ́ roro. Bí mo ṣe ń súnmọ́ àárín, wọ́n ń kéré, wọ́n ń lọ́. Láàárín wọn ni mo ti rí èyí tí mo wá: awẹ́ pupa kan tí apá kan rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí etí apá kejì sì gbé orí ako kan dání, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ako ni, ewé ni. Awẹ́ kan yìí là mí lójú ju gbogbo àwòrán róbótó inú ìwé Faransé tí mo kà ní ilé ẹ̀kọ́ lọ.

Mo bi màmá bóyá igi náà máa ń so.

"Kì í so. Ẹ̀ka ni mo gé gbìn."

Ó bá a mu, torí ako tó ti di ewé ò ní lẹ́búlẹ́bú tó pọ̀ mọ́. Arabidopsis tí AGAMOUS rẹ̀ bàjẹ́ pátápátá kì í ní hóró rárá. Ara àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ tí ẹ̀dà kan ṣoṣo bàjẹ́ nínú wọn ni wọ́n ti ń rí irú rẹ̀ gbìn. Màmá gé ẹ̀ka kan fún mi, ó sì ti ń hu ewé. Bó bá rudi, ìrudi tí kò tíì là ni mo máa fi abẹ kàn, kí n lè rí àwọn awẹ́ yẹn nígbà tí wọn ò tíì fẹ̀.