Bí build Rust yín bá ń falẹ̀, ẹ má ṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù lọ́wọ́ àwa tó ń kọ Rust, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni pé a máa ń bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ká tó mọ ibi tí àkókò ń bá lọ. Build, ìyẹn sísọ kóòdù di ètò tó lè ṣiṣẹ́, falẹ̀, a ní macro, kóòdù tó ń kọ kóòdù, ló fà á. A yọ macro, kò yí padà, a lọ ra RAM. Korobá là ń gbé sábẹ́ ibi tí òrùlé kò ti jò. Cargo ni irinṣẹ́ tó ń bá wa ṣe build; láti ọdún 2022 tí Rust 1.60 ti jáde ni `cargo build --timings` ti wà nílẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Ẹ jọ̀ọ́, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀. Yóò ya àwòrán kan sínú `target/cargo-timings`, ẹ ó sì rí ìgbà tí crate (ìdì kóòdù Rust) kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó parí, àti èyí tí àwọn yòókù tò sẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń dúró dè.

Èyí tó jẹ mí níyà jù ni `build.rs`. Fáìlì yìí ni cargo máa ń kọ́kọ́ compile, yóò sì ṣiṣẹ́ tán kó tó kan kóòdù inú crate náà. Ibẹ̀ la ti máa ń sọ `.proto`, fáìlì tó ń ṣàpèjúwe ìrísí dátà, di kóòdù Rust, tàbí ká compile C tí a fẹ́ lò. Bí ẹ kò bá sọ fáìlì tí cargo yóò máa ṣọ́, yóò gbà pé gbogbo fáìlì inú package ló kan `build.rs`. Ẹ tún ọ̀rọ̀ kan kọ nínú README, `build.rs` á tún ṣiṣẹ́, crate yẹn á tún compile, gbogbo crate tó gbára lé e náà á tẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń bú macro lórí iṣẹ́ kan, bẹ́ẹ̀ ohun tó kù nílẹ̀ kò ju ìlà kan lọ:

`println!("cargo:rerun-if-changed=proto/orders.proto");`

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ ọ́, kò yàtọ̀. `order.proto` ni mo kọ, orúkọ fáìlì sì ní "s" nínú. Bí fáìlì tí ẹ dárúkọ kò bá sí, cargo á máa kà á sí pé nǹkan ti yí padà, ní gbogbo ìgbà, kò sì ní pariwo. `cargo build -v` ló tú àṣírí rẹ̀: ó kọ Dirty, ó sì kọ ìdí rẹ̀ tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ náà, bí build bá tún ohun tí mi ò fọwọ́ kàn ṣe, `-v` ni mo ń kọ́kọ́ bi.

Ti macro náà kò kéré o. Macro tí a kọ sínú crate tirẹ̀ ni proc macro, odindi crate náà sì gbọ́dọ̀ compile tán kí crate tó fẹ́ lò ó tó lè bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe tan feature `full` ti syn, crate tí macro fi ń ka kóòdù Rust, bó bá jẹ́ derive kékeré, macro tó ń bá struct kọ kóòdù fúnra rẹ̀, lẹ ń kọ. Ẹ má sì máa to derive mẹ́fà sórí gbogbo struct torí pé ọwọ́ ti mọ́ ọn. Ẹ fi `cargo expand` wo iye ìlà tí ìlà kan yẹn bí; gbogbo rẹ̀ ni kọ̀ǹpáílà gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Èyí tó léwu jù ni macro tó ń fúnra rẹ̀ ṣí fáìlì kà, nítorí cargo kò mọ̀ pé ó kà á. Ẹ yí fáìlì padà, ohun àtijọ́ lẹ ó ṣì bá nínú binary, ìyẹn ètò tí build ṣe jáde, inú yín á sì máa dùn pé build yá. Ẹ gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí `build.rs`.

Ẹ má ṣe kọ function gígùn tó jẹ́ generic, ìyẹn tó lè gba oríṣiríṣi type, látòkèdélẹ̀ torí pé ẹ fẹ́ kó gba String àti Path pọ̀. Ẹ̀dà kan ni Rust ń ṣe fún type kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo `std::fs::read`: apá òkè tó jẹ́ generic kàn ń sọ ohun tó gbà di `&Path` ni, `inner`, tí kì í ṣe generic, ló ń ṣe iṣẹ́ gidi.

Ní ti linker, irinṣẹ́ tó ń so àwọn ègé kóòdù tí a ti compile pọ̀ di binary, ẹ má kàn da ìmọ̀ràn àtijọ́ pé kí ẹ yan lld fúnra yín kọ sínú config. Láti Rust 1.90, ní ọdún 2025, lld, linker kan tó yára, ni Rust ń lò fúnra rẹ̀ lórí Linux x86_64. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ṣì ń kọ kóòdù lọ́wọ́, tí ẹ kàn fẹ́ mọ̀ bóyá type bára mu, ẹ má ṣe tẹ `cargo build --release`. `cargo check` kì í dé ibi tí a ti ń ṣe machine code, torí bẹ́ẹ̀ ó ń yá, bátìrì láptọ́ọ̀pù yín á sì pẹ́ sí i nígbà tí iná bá lọ.