"Ẹ má jẹ́ kí ayé gbọ́ o": àwọn àṣìṣe tó ń já wa kúrò lára èèyàn

Nígbà tí dókítà sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá mi pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n ra oògùn, wọ́n dín iyọ̀ kù, wọ́n sì kìlọ̀ fún gbogbo wa nílé pé, "Ẹ má jẹ́ kí ayé gbọ́ o." Nínú gbogbo àṣìṣe tí mo ti rí ní Ẹ̀pẹ́ níbí, èyí ni mo kà sí bàbá wọn.

Ọjà Olúwo ni wọ́n ti ń ta ẹja tútù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìsọ̀ wọn ṣófo. Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà rò pé wọ́n lọ sóde ìnáwó ni, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ara wọn kò yá. Ó di ọ̀sán kí ẹnì kan tó yà sílé, ló bá bá wọn nílẹ̀, ẹnu ti wọ́, ọwọ́ ọ̀tún kò ṣeé gbé. Rọpárọsẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú iṣan ọpọlọ ló fà á, oògùn wà tó lè yọ́ ọ, àmọ́ kí wákàtí 4 àbọ̀ tó pé lẹ́yìn tí àmì bá ti hàn ni wọ́n ń lò ó. Nígbà tí a dé ọsibítù, kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní kí ẹ lọ polongo àìsàn yín lọ́jà. Ayé le, èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ẹni méjì gbọ́dọ̀ mọ̀: ẹni tó sún mọ́ ilé yín jù, àti ẹni tí yóò tètè fura bí ẹ kò bá yọjú. Ọmọ yín tó wà ní Kánádà kò lè kanlẹ̀kùn.

Àṣìṣe míì ni kíka iye èèyàn tó yí wa ká. Ẹnì kan lè ní aṣọ ẹbí kún àpótí, kó má ní ẹni tí yóò sìn ín lọ ṣe àyẹ̀wò. Lọ́dún 2010, Julianne Holt-Lunstad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kó ìwádìí 148 pọ̀, àwọn èèyàn inú rẹ̀ lé ní 300,000. Wọ́n rí i pé àǹfààní àtiwà láàyè títí ìwádìí fi parí fi ìdá 50 nínú 100 pọ̀ sí i fún ẹni tí àjọṣe rẹ̀ lágbára. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé, nínú ohun tí wọ́n wọ̀n, bóyá èèyàn ń dá gbé tàbí kò dá gbé wà lára àwọn tí agbára rẹ̀ kéré jù. Èyí tó lágbára jù ni kí okùn èèyàn so mọ́ ibi púpọ̀: ẹbí, ọ̀rẹ́, ẹgbẹ́, ilé ìsìn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá àwọn ọmọ tó ń kó ìyá wọn lọ sí Lekki jà. Ìfẹ́ ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n ní Ẹ̀pẹ́, Màmá ní àsàlátù ọjọ́ Sunday, wọ́n ní oníbàárà, wọ́n ní aládùúgbò tó ń wá tọrọ ata. Lọ́hùn-ún, géètì ni, tẹlifíṣọ̀n ni, èèyàn mẹ́fà nínú ilé, kò sì sẹ́ni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ju "Màmá, ṣé ẹ ti jẹun?" lọ. Bí kò bá sí ọ̀nà míì, ẹ máa gbé wọn wá sí àsàlátù, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ṣe ọdún Kayokayo lẹ́yìn Màmá.

Ẹni tí alájọ kó owó rẹ̀ jẹ náà máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo àdúgbò. Ẹ yí alájọ padà, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì torí pé ẹ ní ọ̀rẹ́ dá oògùn dúró o. Ọ̀rẹ́ gidi ni yóò máa bi yín pé ṣé ẹ ti lò ó.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ti padà sí ìsọ̀, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ka owó báyìí. Bí aago méje àárọ̀ bá lù tí wọn kò tíì pe ẹni tó wà nísọ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn lórí fóònù, ọmọ onítọ̀hún ti gun ọ̀kadà, ó ń bọ̀ wá kanlẹ̀kùn.